Wọ́n fá irun ọmọ mi láìbi mí: ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

ÌYÁ RÁFÍÀ, Bẹẹrẹ (Ọjọ́ Ajé, 8:42 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń jẹ mí lọ́kàn, gbogbo ẹni tí mo sì fi lọ̀ ló ń sọ fún mi pé oore ni wọ́n ń ṣe mí.

Ikọ́ ife ló gbé mi dé ọsibítù àyà ní Jẹ́ríkò ní ìparí ọdún tó kọjá. Ó ti wọ̀ mí lára kí n tó lọ, ni wọ́n bá dá mi dúró. Bàbá àwọn ọmọ ti gba ọ̀nà Líbíà lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ò ríran dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun ò lè mú ọmọ tó ti ń sùn ti oníkọ́ ife wọlé òun. Mi ò bá a jà, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí àwọn wẹ́fíà ṣe dá sí i nìyẹn, tí kóòtù sì ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ méjèèjì sọ́dọ̀ alágbàtọ́ títí ara mi á fi yá. Ráfíà ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti pé mẹ́jọ.

Mi ò sọ pé obìnrin yẹn burú o. Ebi ò pa ọmọ mi, mi ò sì rí àpá pàṣán lára wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n mú wọn wá kí mi, orí Ráfíà ti dán. Irun tí mo ti ń dì láti ìgbà tó ti lè jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, tí mo ń fi àdí àgbọn rà, wọ́n ti fá a kodoro. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo bi òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ó ní, “Màdáámù, ṣebí irun ni? Á tún hù.”

Kì í ṣe irun nìkan. Àǹkárá Iléyá tí mo rán sí wọn, ọrùn ọmọ ẹlòmíràn ni mo ti rí i nínú fọ́tò. Ìpara tí wọ́n fi ń pa á ń yún un lára, gbogbo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló ti ha. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lọ ilé kéwú mọ́, orin Sọ́ńdè Sùkúù ló ń kọ fún mi létí. Ó ní Mọ́mì làwọn ń pe àǹtí yẹn báyìí. Èyí tó wá le jù: wọ́n kọ oògùn fún Ráfíà tí yóò máa lò lójoojúmọ́ kí ikọ́ yìí má baà mú òun náà. Mo bi í bóyá ó ń lò ó. Ó ní, “Nígbà mìíràn.”

Nígbà mìíràn!

Ẹ̀yin tójú yín ti rí irú èyí, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ tí wọn ò fi ní pè yín ní aláìmoore? Àbí kí n panu mọ́, kí wọ́n má baà torí ẹ̀ sọ pé mi ò tíì ṣe tán láti gba ọmọ mi?

ỌMỌ MÁPÓ (8:55 àárọ̀)

Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ráfíà. Mo wà nínú mọ́tò ní Ìwó Road, mò ń bọ̀ wá kà á tán.

BỌ́DÉ BÓDÌJÀ (9:20 àárọ̀)

Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí gba ọmọ méjì láti ilé oníkọ́ ife, nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín gan-an kọ̀. Irun lẹ wá ń rò? Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n kó wọn fún, màá gé e ni. Ta ló ráyè dírun láàárọ̀ Mọ́ńdè?

Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà, Kristẹni ló gbà wọ́n. Níbo ni kó kó wọn sí láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Kó ti wọn mọ́lé?

ÌYÁ RÁFÍÀ (9:48 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Bọ́dé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Níwájú àwọn wẹ́fíà ni mo ti kúnlẹ̀ kí i. Ṣé ẹni tó bá dúpẹ́ ò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ mọ́ ni? Èmi kọ́ ni mò ń sanwó sùkúù wọn báyìí. Èmi kọ́ ni mò ń sè é tí wọ́n ń jẹ. Mi ò sùn tì wọ́n. Ohun tó kù tí mo fi jẹ́ ìyá wọn ni pé mo mọ bí irun wọn ṣe máa ń rí, mo mọ ohun tí ara wọn kọ̀, mo mọ Ọlọ́run tí a ń sìn nílé wa. Bí wọ́n bá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi láìbi mí, kí ló wá kù?

ÌYÁ GBOGBO, Àpáta (12:10 ọ̀sán)

Èmi náà ń gba ọmọ tọ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ti Ìyá Ráfíà wà, kí ẹ má baà máa wò mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí níhà tiwa.

Ọmọ á dé lálẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Aṣọ méjì, bàtà ẹsẹ̀ kan tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù. Òṣìṣẹ́ á ní, “Mọ́mì, ẹ bá wa mú un, a máa pè yín lọ́la.” Ìgbà tí wọ́n máa pè, ọ̀sẹ̀ ti kọjá. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ọmọ náà kì í jẹ ẹja, pé ó ń tọ̀ sílé, pé ìró ìgbálẹ̀ lásán ń bà á lẹ́rù. Èmi ni màá fi ojú mi wá a rí. Bí ìyá bá kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí i! Àmọ́ ìwé tó ń wá bá mi kì í ju ìwé kóòtù lọ, ìyẹn ò sì sọ ìpara tó yẹ kí n rà.

Irun: èmi kì í fá irun ọmọ ọlọ́mọ láìpe ìyá rẹ̀. Bí mi ò bá ní nọ́ńbà rẹ̀, màá pe wẹ́fíà. Bí wẹ́fíà ò bá gbé e, màá dì í ní dìdì kékeré kí n sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi fá a. Ó lè jẹ́ làpálàpá ló wà lórí.

Aṣọ: nínú ilé tí ọmọ márùn-ún ti ń sáré jáde láàárọ̀, aṣọ á kàn bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn ni. Ẹ ran orúkọ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Mọ́mì: àwọn ọmọ tí mo bí ń pè mí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á gbọ́, òun náà á gbé e. Èmi ò kọ́ ọ. Bí mo bá wá ní kí òun nìkan má pè mí bẹ́ẹ̀, mo ti yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé Màámi ni mo máa ń pe ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀. “Màámi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.” “Màámi ló rán aṣọ yìí.” Ó tó.

Ohun kan tí ẹ̀yin òbí kì í sọ níbí: ọjọ́ tí ẹ bá ṣèlérí tí ẹ kò wá. Mo ní ọmọ kan tó wọ bàtà láti aago méje àárọ̀, tó jókòó sẹ́nu géètì títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́. Ìyá ò dé, kò tẹ̀ mí láago. Nígbà tó sì wá dé lọ́sẹ̀ kejì, mínírà àti bisikíìtì ló kó wá, ó ní kí ọmọ má dá mi lóhùn. Ta ló máa bá a wá ìdí ẹkún yẹn lálẹ́? Èmi ni.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ (12:37 ọ̀sán)

Ìyá Ráfíà, ẹ fi irun sílẹ̀ ná. Oògùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó ti bá ẹni tó ní ikọ́ ife gbénú ilé, kòkòrò náà lè ti wọ̀ ọ́ lára kó máa sùn níbẹ̀. Ọmọ kékeré ò lágbára bíi tiwa láti tì í mọ́lẹ̀. Ó lè yára tàn dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún un ní isoniazid lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún oṣù 6, tàbí isoniazid pẹ̀lú rifampicin fún oṣù 3. “Nígbà mìíràn” ò sí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí rifampicin wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fún un, ìtọ̀ ọmọ á pọ́n. Ẹ bi alágbàtọ́ léèrè, ìdáhùn rẹ̀ á sọ bóyá ó ń fún un lóòótọ́. Ẹ béèrè káàdì rẹ̀, kí wọ́n ka hóró oògùn tó kù. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní ibi ìtọ́jú ìjọba, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé owó ò sí.

Ti làpálàpá tí Ìyá Gbogbo sọ: fífá orí kì í wo làpálàpá orí. Ìpara nìkan kì í wò ó. Oògùn tí à ń gbé mì ló ń wò ó, bíi griseofulvin, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí gbòǹgbò irun ló ń gbé. Ẹ bi wọ́n bóyá dókítà rí i.

Ẹ̀yin fúnra yín wá. Bí ẹ bá ti ń lo oògùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín sì ti mọ́, ẹ kò ní kó o ràn ọmọ mọ́. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín ní Jẹ́ríkò. Òṣìṣẹ́ tó bá ń bẹ̀rù ikọ́ yín ò ní jẹ́ kí ẹ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀.

BÀBÁ LÉKAN, Ojóo (3:05 ọ̀sán)

Ti èmi rèé o. Ìyá Lékan kú nígbà tí mo wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí mò ń dúró de ìdájọ́ lórí ohun tí mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kóòtù ti dá mi sílẹ̀, ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ nítorí pé yàrá kan ni mo ń gbé. Wákàtí kan ni wọ́n ń fún mi, nínú ọ́fíìsì, tábìlì láàárín wa, òṣìṣẹ́ ń tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo gbé àmàlà dání wá ká jọ jẹ ẹ́. Wọ́n ní wọn kì í gba oúnjẹ sísè láti ìta. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó bi mí pé ṣé dọ̀tí ló wà nínú ẹ̀bà yẹn ló fi dúdú! Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo délé, inú bí mi.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹnu rẹ̀ báyìí. Ilé tó wà dára, wọ́n lówó jù mí lọ, bóyá ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo kì í ní oríkì rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Mo bá sọ oríkì rẹ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà lórí WhatsApp, mo ní kó jọ̀ọ́ kó máa tàn án fún un kó tó sùn. Ìgbà tí mo tún lọ, obìnrin yẹn, ọmọ Àkúrẹ́ ni o, ti mọ ọ́n kà jù mí lọ. Lékan ń dáhùn. Àmàlà ni a kò tíì yanjú.

ADÚKẸ́ PECKHAM (5:51 ìrọ̀lẹ́)

Òkè-Àdó nilé wa, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọmọ mi Tóyọ̀sí wà lọ́wọ́ sóṣà, ìyẹn àwọn wẹ́fíà tiwọn níbí, fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Òyìnbó ló gbà á. Obìnrin dáadáa, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan irun dúdú rí láyé rẹ̀. Ní gbígbẹ ló ń fi kóòmù wẹ́wẹ́ ya á. Ẹsẹ̀ ọmọ mi funfun, ó rò pé bí ara wa ṣe rí nìyẹn.

Níbí, kódà bí kóòtù bá ti fọwọ́ sí i pé kí ìjọba ìbílẹ̀ mú ọmọ, àṣẹ òbí ò kúrò lọ́wọ́ yín. Ìjọba á pín in pẹ̀lú yín ni. Ìwé kan sì wà tó ń sọ ẹni tó lè pinnu kí ni: ta ló lè ní kí wọ́n gé irun, ta ló lè fọwọ́ sí i pé kí ọmọ lọ sùn nílé ọ̀rẹ́, ta ló lè bá dókítà eyín sọ̀rọ̀. Nínú ti ọmọ mi, ọ̀rọ̀ irun ò sí níbẹ̀ rárá. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Wọ́n tún ń ṣe ìpàdé àgbéyẹ̀wò: àkọ́kọ́ láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́, ìkejì láàárín oṣù 3 sí i, lẹ́yìn náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù 6. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọmọ yín ló ń darí rẹ̀, ẹlòmíràn ni. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ojú ìwé kan tí mo kọ fún obìnrin náà: ọjọ́ tí à ń fọ irun, irú òróró, kóòmù olójú ńlá, òrí fún ara kí omi tó gbẹ tán. Mi ò kọ ẹ̀bi kankan sínú rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

ỌMỌ MÁPÓ (6:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti kà á tán. Bàbá Lékan, ẹ̀bà dúdú!! Ẹ pẹ̀lẹ́ sà.

ALÀGBÀ, Mọ́kọ́lá (8:33 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ rí. Láyé ìgbà yẹn, ní nǹkan bí ọdún 1960 sókè, ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó kí wọ́n lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn tọ́mọ. Bàbá mi ń kọ́ lọ́yà, ìyá mi ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Obìnrin kan tí mò ń pè ní Nánà ló tọ́ mi títí mo fi pé ọdún méje.

Nánà fẹ́ràn mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le. A délé, ní Òkè-Bọ́là, mò ń sunkún pé kí wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá tó bí mi lọ́mọ ń gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi nígbà tó dàgbà pé kì í ṣe pé wọ́n hùwà burúkú sóun ní ilé yẹn, pé òun kàn ò lẹ́nu níbẹ̀ ni. Bó bá ní kí wọ́n fún mi ní ata díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bó bá ní kí wọ́n má ṣe fún mi ní ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì tún fún mi. Títí tí kò fi béèrè nǹkan kan mọ́. Ó ń wá, ó ń jókòó sí pálọ̀ bí àlejò, ó ń lọ.

Bọ́dé, ìwọ ni mò ń bá sọ ọ́.

BỌ́DÉ BÓDÌJÀ (9:02 alẹ́)

Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ ṣeun sà. Síbẹ̀, ti ọjọ́ Ìsinmi yẹn ò tíì yé mi. Ta ló máa dúró ti ọmọ nílé?

ÌYÁ GBOGBO, Àpáta (9:15 alẹ́)

Mo ti ní ọmọ Mùsùlùmí méjì rí, Kristẹni sì ni mí. Ìyá Àlàájà tó wà lójú kejì wa ló ń mú wọn lọ ilé kéwú lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń dúró títí a fi dé. Mo kọ́kọ́ sọ fún wẹ́fíà kí n tó ṣe é. Nínú Ìbàdàn yìí kẹ̀? Ilé wo ni Mùsùlùmí ò ti sí lójú kejì?

LỌ́YÀ KÉKERÉ, Ring Road (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀)

Ìyá Ráfíà, ẹ kú ìrọ́jú. Àgbàtọ́ kì í ṣe ìgbàṣọmọ. Ìgbàṣọmọ ló ń gba ẹ̀tọ́ òbí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bímọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ṣì jẹ́ òbí lójú òfin.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde lọ́dún 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2006. Ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù lọ́dún 1991, sọ lábala 9 pé ọmọ tó jìnnà sí òbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa rí i déédéé, àyàfi bí ìyẹn bá máa pa ọmọ lára. Abala 20 ní kí wọ́n ro ẹ̀sìn, àṣà àti èdè ọmọ mọ́ ọn bí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n máa fi í sí. Bàbá Lékan, ti èdè yẹn kan ẹ̀yin náà.

Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu sítáǹbù sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Oògùn ni kó ṣáájú, ẹ̀sìn ló tẹ̀ lé e, kí irun àti ìpara wá sísàlẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ, èyí tó fúyẹ́ jù ni òṣìṣẹ́ á ṣà mú láti dá yín lóhùn, á sì sọ pé òun ti dáhùn. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ ń fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ má lọ sílé alágbàtọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ẹ má sì gbé fọ́tò orí ọmọ náà sí Facebook, bó ti wù kó máa dùn yín tó. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lè padà sí kóòtù tó fi ọmọ síbẹ̀.

ÌYÁ RÁFÍÀ, Bẹẹrẹ (Ọjọ́ Ẹtì, 4:26 ìrọ̀lẹ́)

Mo kí gbogbo yín. Mo gbé lẹ́tà lọ. Òṣìṣẹ́ náà kọ́kọ́ fajú ro, ó ní ta ló kọ́ mi. Nígbà tó ka ìpínrọ̀ oògùn, ó dìde, ó lọ wá fáìlì. Inú fáìlì ni káàdì Ráfíà wà! Wọn ò fún alágbàtọ́ rí. Oògùn tí wọ́n fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti tán, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó padà wá gba òmíràn. Kó tó tán, ẹ̀gbọ́n Ráfíà ló ń rántí pé kí wọ́n fún un. Ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Wọ́n pe alágbàtọ́ náà lórí fóònù níwájú mi. Làpálàpá ni lóòótọ́, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni wọ́n mú un lọ, dókítà ò rí i. Ó bẹ̀ mí. Mo gbọ́ àlàyé rẹ̀, mo ní kò burú, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Màá rán òrí àti ojú ìwé bíi ti Àǹtí Adúkẹ́ sí i. Ti ilé kéwú, wọ́n ní àwọn á wá ẹnìkan ládùúgbò. Ti aṣọ Iléyá, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ti Mọ́mì, mo ti fi í sílẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Kí wọ́n má ṣe fún un ní ìlọ́po méjì láti fi dí èyí tó ti fò o. Kí wọ́n mú un padà síbi tí wọ́n ti kọ oògùn náà. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wúkọ́ tàbí ó ń rù, wọ́n á sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, torí bí ọmọ ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tó máa lò. Àwọn ló máa sọ bóyá kó máa bá a lọ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bá wọn lọ.

ÌYÁ RÁFÍÀ (4:58 ìrọ̀lẹ́)

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní wọ́n máa mú àwọn méjèèjì lọ. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi níbẹ̀.